Aṣọ́nà Tí Ó Ń Lé Aláṣọ Péńpé

Àwọn tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ ṣe fàájì lórí òkun, tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n tún jẹun, mo mọ̀ wọ́n dénú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lọ aṣọ fún wọn nínú ikùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ó gùn débi pé òjò a máa rọ̀ níwájú, oòrùn a sì máa ràn lẹ́yìn. N kò jókòó níwájú tíṣà kankan rí, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fọwọ́ kan kọ́là ọkùnrin, mo ti mọ iye ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ìtàn àbúrò ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ. Ìlà-Bí-Abẹ là ń pè é, nítorí ìlà ṣòkòtò rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a lọ̀ ọ́. Eṣinṣin kan bà lé ìlà náà lọ́jọ́ kan, ó pín sí méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró lẹ́yìn tábìlì gíga kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ tí a ń pè ní ìrọ̀lẹ́ kóòtù, kí ó máa wo èrò láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá wọ kóòtù, táì àti ṣòkòtò gígùn kò gbọdọ̀ wọlé. Ogójì kóòtù àti táì àyálò ni ilé iṣẹ́ kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣòkòtò àyálò ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan. Àwọn ọ̀gá ní ta ni yóò gbàgbé ṣòkòtò sílé.

Òṣìṣẹ́ tí èrò bá kọ ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta lé lórí, ní èbúté tó kàn ni wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹrù tí kò lólówó. Ìlà-Bí-Abẹ ti ní méjì. Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀wé pé ó fojú burúkú wo sílípáàsì òun. Ẹnì kejì kọ̀wé pé kò fojú burúkú tó wo sílípáàsì ẹlòmíràn. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Apá kan gbà pé bí èèyàn bá wọ péńpé jẹun, òkun yóò gbẹ. Apá kejì gbà pé ẹni tó bá ti sanwó lè wọ pátá lọ kí kápùténì. N kò rí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn. Àmọ́ ìyàwó àbúrò wa wà nílé pẹ̀lú oyún. Bí ìwé kẹta bá dé, kí ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Nírọ̀lẹ́ kóòtù kan, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ la sọ ọ́, ẹ sì mọ ìdí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣòkòtò gígùn ni òfin wí.”

“Ìsinmi ni mo wá. Ṣé orúnkún mi ló ń bà ọ́ lẹ́rù?”

“Kò ba èmi lẹ́rù, sà. Òfin ló ń bà lẹ́rù.”

“Ó dára. Fún mi ní ìwé ẹ̀sùn.”

Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ bò láti ọrùn dé àyà. “Aṣọ́nà! Bí ọkùnrin yìí bá gbé orúnkún yẹn wọlé, èmi náà fẹ́ ìwé ẹ̀sùn. Láti aago méjì ni mo ti ń múra!”

“Ó hàn,” ni Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ wí. “Ẹ jọ kọ́tìnnì.”

“Kọ́tìnnì ilé ọlá ni! Ìwọ lo jọ igi tí wọ́n fi ń gbé e kọ́.”

Ẹ rí i pé bó lọ síwájú, ìwé kẹta. Bó padà sẹ́yìn, ìwé kẹta. Ó bá gbé fóònù, ó pè mí nísàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan wọ péńpé wá! Ẹ bá mi gbé ṣòkòtò mi kejì wá!”

“Inú omi ọṣẹ ló wà. Ó ń lúwẹ̀ẹ́.”

“Mo kú!”

“Má tíì kú. Báwo ni ìbàdí ọkùnrin náà?”

“Ó kéré sí tèmi.”

“Tábìlì tó wà níwájú rẹ ńkọ́, ṣé ó ga?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ ọ́ o!”

“Ṣé mo sọ nǹkan kan ni?”

Ó fa Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹyẹ wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n jáde, ṣòkòtò àbúrò mi ti wà lórí péńpé ọkùnrin náà, kóòtù àti táì àyálò wà lókè rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ pòṣé, ó wọlé. Ìlà-Bí-Abẹ sá padà sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú kóòtù, táì, àti pátá aláwọ̀ ewé. Irínwó èrò ló kọjá níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Ojú olówó kì í kọjá bọ́tìnnì òṣìṣẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n wa, a gbàgbé kápùténì. Bí èrò bá ti jókòó tán, kápùténì a dé, aṣọ́nà ni yóò sì ṣáájú rẹ̀ gba àárín yàrá kọjá dé ìdí tábìlì rẹ̀.

“Kápùténì ti dé,” ni ọ̀gá yàrá oúnjẹ wí. “Ó yá, ṣáájú wọn!”

Mo ti gòkè wá, mo ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo rí i tó bẹ́ wọ kọ́bọ́ọ̀dù bí eku. Aṣọ tábìlì wà níbẹ̀ lókìtì. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ró o mọ́ ìdí títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì jáde.

Kápùténì wo aṣọ náà, ó sì wo àjà. Lójijì, baba arúgbó kan pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní aṣọ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Baba ńlá wo? Àwọn baba wa ti ń wọ ṣòkòtò kí àwọn baba tiwọn tó mọ ibi tí wọ́n ti ń dè é! Àbààwọ́n ọbẹ̀ tòmátì kan wà nísàlẹ̀ aṣọ náà. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ tọ́ka sí i, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

“Àmì ìdílé wa ni, mà,” ni Ìlà-Bí-Abẹ dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé dé láti ọwọ́ obìnrin náà. Ọ̀gá kà á sí àbúrò mi létí. Obìnrin náà kọ ọ́ pé nínú gbogbo ọkọ̀, aṣọ́nà nìkan ló mọ aṣọ wọ̀. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ fi sùn ni ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan tó wọ ṣòkòtò òṣìṣẹ́ wá jẹun.

Ìlà-Bí-Abẹ sáré sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ìwé kẹta kò dé! Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́!”

“Kí ló wá ń mú ọ fa ojú ro?”

“Wọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kóòtù ni kí n máa ró aṣọ yẹn. Wọ́n ní kí ẹ má fọ àmì ìdílé kúrò.”

Oṣù méje ló fi ró o, títí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ fi pé, tó sì lọ bá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tuntun. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tí aṣọ tábìlì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń sọ fún ọkùnrin kan tó wọ péńpé tó mọ́ nigín-nigín: “Ẹ má bínú, sà. Ẹ padà lọ wọṣọ bí ọmọlúàbí.”