Lẹ́tà Tí Mo Kọ Sí Ìyá Dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Lálùpọn fún yín. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́, ó máa ń padà wá bá mi bí àlá ọ̀sán.

Tíṣà ni mí ní Ìyànà Ọ̀fà. Adégbàyí ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, Mọ́mì mi sì wà ní Lálùpọn, nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Èmi ni àkọ́bí wọn, Dúpẹ́ ni orúkọ mi, nítorí náà Ìyá Dúpẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n.

Etí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Etí Mọ́mì ń di díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, tí mo béèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n á dá mi lóhùn pé òjò ò tíì rọ̀. Màá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, a ò sì mọ ohun tí a jọ ń sọ!

Dókítà yẹ etí náà wò, ó ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọn yóò máa kì bọ etí. Mọ́mì lò ó díẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbáàgúdá ni àwọn ń gbọ́ níbẹ̀. Wọn ò sì fi í sétí mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Wọ́n ní àwa ọmọ ń mọ̀ọ́mọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ wà nílé tí a ò fẹ́ kí àwọn gbọ́. Wọn ò lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí mọ́, nítorí bí àwọn obìnrin ibẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, Mọ́mì á ní àwọn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níkẹyìn, wọ́n pa fóònù, wọ́n sì tì í sínú àpótí aṣọ.

Ẹ máa ní, ṣebí Lálùpọn ò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà, kí n wọkọ̀ kí n lọ bá wọn. Mò ń lọ o! Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀hún, igbe ni mo máa ń ké. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé inú ń run mí, ìyàwó ilé kejì á ti gbé àgbo dé kí Mọ́mì tó gbọ́. Ta ló wá fẹ́ kígbe "mo fẹ́ràn yín" kí gbogbo agboolé máa yọjú? Ẹ sọ òótọ́. Àwa tí wọ́n tọ́ ní agbègbè yìí, a kì í tilẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì ṣe ń lọ kúrò lọ́wọ́ wa, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ lórí àga wọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ìyá mi á kú pẹ̀lú èrò pé àwa ọmọ òun ti kọ ẹ̀yìn sí òun.

Ọkọ mi ló sọ ọ́ bí eré pé etí ló di, ṣebí ojú ṣì ń ríran. Òótọ́ kúkú ni! Mọ́mì ka ìwé mẹ́fà, ìwé mẹ́fà ayé ijọ́un, àwọn ni wọ́n máa ń ka Bíbélì fún ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa. Kí ló dé tí n ò ronú kàn án?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo dá jókòó sí kíláàsì. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ṣọ́ọ̀kì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ó ń rìn gbẹ̀rẹ́. Mo kọ "Ìyá mi ọ̀wọ́n", mo sì dúró. Ó ti pẹ́ jọjọ tí mo ti fi bírò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ọwọ́ mi ń lọ fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo rántí bí mo ṣe máa ń sùn lẹ́yìn wọn nídìí agbada gàrí, tí èéfín á kún inú ìró wọn, tí wọ́n á máa mi ara díẹ̀díẹ̀ kí n má baà jí. Mo kọ ọ́ pé títí di òní, bí mo bá ń gba ọjà Ìyànà Ọ̀fà kọjá tí òórùn gàrí gbígbóná ta sí mi, mo máa ń dúró bí ẹni tí wọ́n pè. Mo kọ ọ́ pé a ò fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn, pé kò sí ọjọ́ tí a kì í dárúkọ wọn nílé, pé n kò gbàgbé wọn, n kò sì lè gbàgbé wọn láé. Mo ròyìn ilé, mo ròyìn iṣẹ́, mo ròyìn adìẹ wa tó ń yé ẹyin sí orí àga. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ló kàn báyìí. Orúkọ wo ni n ó kọ sára àpò lẹ́tà? Ìyá tó bí mi! Mo gbé bírò, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ orúkọ wọn gbàgàdà bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Mo wá kọ ọ́ pé: Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, Lálùpọn. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń kọjá níwájú ilé ìwé wa, òun ni mo fi rán. Ó fi há iwájú mọ́tò, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀.

Ní Sátidé, mo wọlé tọ Mọ́mì lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ẹni tó ń kàwé, wọ́n kàn ń wò mí. Mo wá ké e pé lẹ́tà tí mo kọ ńkọ́? Agboolé gbọ́, Mọ́mì náà gbọ́. Wọ́n ní lẹ́tà kankan ò dé ọwọ́ àwọn. Wọ́n tún ní kò burú, pé ẹni tí etí rẹ̀ bá di, kí wọ́n máa parọ́ fún un ló kù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní ká lọ.

A kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ yọ̀ mọ́ Mọ́mì, wọ́n ní ojú wọn mà rèé! Mo béèrè lẹ́tà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, dẹ́rẹ́bà kan mú lẹ́tà wá, ó ní ti Ìyá Dúpẹ́ ni, Ìyá Dúpẹ́ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń bẹ gbáàgúdá, ló bá gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo ní Ìyá Dúpẹ́ wo? Wọ́n ní ti ọ̀nà odò ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí Mọ́mì ò wá mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, orin ni ìyá yẹn ń kọ bí wọ́n bá ti mú ọ̀bẹ.

Ṣé ẹ rí i? Ìyá Dúpẹ́ kejì wà ní Lálùpọn, èmi ò sì mọ̀!

A gba ọ̀nà odò lọ. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀, igi òsàn kan á yọ sí wa, bí a bá kọjá tán, á tún wọnú kùrukùru lọ. Ọwọ́ wọn gbóná nínú ọwọ́ mi, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi ni ọmọdé, tí wọ́n ń mú mi lọ sí oko. Ṣùgbọ́n nínú mi, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, lẹ́tà ìyá mi ni, ẹ bá wa dá a padà.

Màmá àgbà kan ló jókòó lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Kí n tó ṣí ẹnu sọ ohun tí mo bá wá, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ ni Dúpẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó yà mí lẹ́nu.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú lẹ́tà náà jáde láti inú ìrọ̀rí. Ó ti rọ̀ bí aṣọ tí a fọ̀ fọ̀ fọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé, aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló kà á fún àwọn. Wọ́n ní aránṣọ náà kà á títí, ó dé ibì kan, ó dúró, ó sì ń wojú àwọn. Ibi tí mo kọ ọ́ sí pé ọkọ mi ní kí n kí yín ni.

"Dúpẹ́ tèmi, ọkùnrin ni," ni màmá náà wí. "Níbo ni yóò ti rí ọkọ?"

Ẹ̀rín gbẹ̀mí mi! Àwọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán, omi ojú náà kò tán.

"Aránṣọ ní ká dá a padà fún oníǹkan. Mo ní, máa kà á lọ. Ọmọ mi, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mo ṣe fún Dúpẹ́ tèmi náà. Ẹ̀yìn mi ló sùn sí nídìí agbada. Ó wà lókè Ọya, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe, kì í ṣe pé kì í fi nǹkan ránṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ni ò sí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé òun ò gbàgbé mi. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lo kọ ọ́ sí. Mo kàn ní kí n yá a gbọ́ díẹ̀ ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sínú ṣàdédé pòórá.

Mọ́mì ń fa aṣọ mi, wọ́n ń béèrè pé kí ni wọ́n wí, kí ni wọ́n wí. Ṣé kí n wá ké irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú ìyá náà? Kò ṣeé ké. Mo yọ bírò nínú báàgì, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo gbé e fún wọn. Mọ́mì kà á, ètè wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n wo Ìyá Dúpẹ́ kejì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì na ọwọ́ fún lẹ́tà náà.

Ìyá Dúpẹ́ kejì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Mọ́mì jókòó sórí ẹní, wọ́n ṣí i, wọ́n sì ń kà á. Mò ń wo ojú wọn. Mo mọ ìgbà tí wọ́n dé ibi agbada. Mo mọ ìgbà tí wọ́n dé ọ̀rọ̀ adìẹ, nítorí wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n tún padà sí òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹyẹlé kan ń ké lórí òrùlé, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kiri lórí ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dúró síbẹ̀ títí ayé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo lè gbà.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì pa lẹ́tà náà dé, wọ́n fi lé Ìyá Dúpẹ́ kejì lọ́wọ́.

"Ẹ mú un," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn ńlá wọn yẹn tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. "Mo ti gbọ́ tèmi."

Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní kí n lọ kọ òmíràn, kó sì gùn ju èyí lọ. Wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ àwọn sára rẹ̀ ní kíkún, pé bírò ò lẹ́nu tí yóò fi yájú sí àgbà!

Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe rí nísinsìnyí. Mọ́mì ti padà síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn Ìyá Dúpẹ́ méjèèjì ló jọ ń jókòó, ọ̀kan ò gbọ́ràn, ọ̀kan ò mọ̀wé, síbẹ̀ ẹ̀rín wọn kì í tán. Bí lẹ́tà mi bá dé, Mọ́mì á kà á sókè, ìyá kejì á máa gbọ́. Mọ́mì ń fèsì pẹ̀lú. Wọ́n fi oríkì mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo sì kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún, dẹ́rẹ́bà rò pé èèyàn kú fún mi ni.

N ò bá fóònù jà o. Fóònù dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí fóònù, bí a bá ti sọ ọ́ tán, ó di afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ sílẹ̀, wọ́n lè kì í sínú ìrọ̀rí, wọ́n lè tún un kà lọ́jọ́ tí ọkàn wọn bá wúwo. Tí ẹ bá ní ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má dúró di ìgbà tí etí bá di. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kódà kó jẹ́ ìlà díẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ṣì ní lẹ́tà tí ìyá, bàbá tàbí ọ̀rẹ́ kọ sí i, tí kò lè jù nù? Ẹ sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí, n ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì fèsì.

Àmọ́ ìwọ arákùnrin tí ò ń jẹ́ Dúpẹ́, tí o wà lókè Ọya, tí ìyá rẹ ń bẹ gbáàgúdá ní Lálùpọn, má wulẹ̀ kọ nǹkan kan sí mi. Ìyá rẹ ni kí o kọ ọ́ sí.