Ìyá Tó Ń Gbọ́ Òórùn Kẹ́ẹ̀gì

Bí mo bá ti rí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta epo pupa ní Odigbo ni mo máa ń rántí. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Láyé ìjọba ológun, kẹ́ẹ̀gì tuntun wọ́n bí ojú. Àwọn awakọ̀ Òrè ló ń bá a gbé epo lọ sí Èkó, wọn a sì dá kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà. Kò sí èyí tí Ìyá kì í kọ́kọ́ ki imú bọ̀ lẹ́nu kó tó rọ epo sí i.

"Ọlọ́run nìkan ni mo gbà gbọ́ láìgbọ́ òórùn," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí kẹ́ẹ̀gì mìíràn nílé, awakọ̀ kan gbé ọ̀kan tó mọ́ tónítóní dé. Ìyá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fajú ro.

"Nígbà tí ọṣẹ wọ́n tó báyìí, ta ló fi tirẹ̀ fọ kẹ́ẹ̀gì mi?"

"Àánú yín ló ṣe mí, Ìyá."

Ìyá da omi gbígbóná sí i. Òórùn kẹrosíìnì bá gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, Ìyá mú àdá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má gé e! Mo ṣì lè máa fi ra kẹrosíìnì."

"Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ láti rọ epo sí ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un?"

Ó là á sí méjì. Epo ọjọ́ náà kò kúrò nílé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé epo Ìyá ni mo jẹ dàgbà. Títí dòní, bí mo bá gbàdúrà sí oúnjẹ tán, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ wò.