Wọ́n fọ ẹ̀rí mọ́ kó tó dé kóòtù

Ta ló sọ fún yín pé wọ́n máa ń fọ ẹ̀rí kí wọ́n tó gbé e lọ kóòtù?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn lọ́yà wá ẹ̀rí nínú kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ yìí, lọ́yà kan mú Mummy kan wá bá mi l'Ógùdù. Lẹ́tà tí àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ fi gbà pé àwọn méjèèjì ló ni ilé bàbá wọn, inú láptọ́ọ̀pù Mummy ló wà.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òfìfo.

"Mummy, ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Mo ní kí wọ́n format ẹ̀ ní Kétu ni, kí inú ẹ̀ lè mọ́. Ṣé bó ṣe dọ̀tí yẹn la ṣe máa gbé e síwájú adájọ́?"

Lọ́yà kàn rọra jókòó.

Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wá lẹ́tà yẹn kàn nínú ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Mummy ṣàdúrà fún mi títí, wọ́n wá ní: "Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú fóònù mi o. Tí wọ́n bá ti format òun náà, màá gbé e wá lọ́la."

Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ṣé mo ṣàṣejù?