Omi Ọjọ́ Mẹ́ta Ìyá Aràn

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin náà fi bọ́ aràn. Kì í ṣe aràn inú ikùn o. Aràn pẹlẹbẹ ni, inú omi ló ń gbé, kò gùn ju èékánná lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dà bí ojú ẹni tó ń wo imú ara rẹ̀. Bí o bá gé e sí méjì, orí á hu ìrù, ìrù á hu orí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di aràn méjì. Ọgọ́fà abọ́ wọn ló wà lórí pẹpẹ nínú yàrá ìwádìí wa, ọmọ aràn kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn.

Ìyá Aràn ni a ń pè é. Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n kọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, mo sì rò pé èmi ni mo máa ṣàlàyé ohun tó ń tọ́jú fún un. Mo ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara aràn tí kò tíì yan iṣẹ́, àwọn ló ń pín láti tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Àwa ènìyàn náà ní irú wọn, nínú mùdùnmúdùn eegun àti lábẹ́ awọ. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á pín àti ohun tí wọ́n á dà.

Kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀dọ̀ màlúù tó ń lọ̀ fún àwọn aràn.

“Ìyẹn ni pé tí ọ̀kan bá pín sí méjì, ọ̀kan á dúró sílé, ọ̀kan á lọ síbi iṣẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Tí méjèèjì bá lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́?”

“Tó bá yá, kò ní sí ẹni tó máa tún ara ṣe mọ́.”

“Tí méjèèjì bá jókòó sílé?”

“Wọ́n á kàn máa pọ̀ sí i. Ó lè di kókó.”

“Àbúrò ọkọ mi nìyẹn,” ó ní. “Òun àti ọmọ ẹ̀ mẹ́fà, ilé ni gbogbo wọn jókòó sí.”

Iṣẹ́ Ọ̀gá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà, ni láti pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́, kó lè mọ ohun tó ń ṣe. A ó po oògùn mọ́ ẹ̀dọ̀, aràn á jẹ ẹ́. Àwọn tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa jẹun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà ṣì ń ṣiṣẹ́, arọ́pò ni kò sí. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí Ìyá Aràn fẹ̀yìn tì, ó ní kí Ọ̀gá wá ẹni tí òun á kọ́ níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá a. Ìgbà kẹta ṣojú mi.

“Màmá, omi lẹ̀ ń bù sí abọ́,” Ọ̀gá ní. “Ta ló ń lọ kọ́ ìyẹn nílé ìwé?”

“Kò sí nílé ìwé, sà. Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó wo aago.

Ìyá Aràn fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì kan. Wọ́n fún un ní ìwé ìdúpẹ́, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá ní kí akọ̀wé ọ́fíìsì pààrọ̀ omi àwọn aràn. Akọ̀wé náà ò fiṣẹ́ ṣeré: ó fọ gbogbo abọ́, ó sì bu omi ẹ̀rọ tó mọ́ lóló sí wọn. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, àwọn aràn tó jẹ oògùn ti yọ́ bí ọṣẹ. Inú Ọ̀gá dùn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àyẹ̀wò náà ti yọrí sí rere, pé ó tiẹ̀ yá ju bí a ṣe retí lọ.

Mo ní kó wo àwọn abọ́ tí kò jẹ oògùn. Àwọn náà ti yọ́. Gbogbo ọgọ́fà.

Ìgbà náà ni mo rántí garawa mẹ́fà tí kò lọ́mọrí, tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ti da omi inú wọn nù torí pé ó ti pẹ́. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ ń pa aràn wa náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Aràn máa ń fi omi sílẹ̀ kí oògùn náà lè fẹ́ lọ, imú ló sì fi ń mọ̀ pé ó ti lọ tán. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó bi í. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́jọ ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì fún un, èmi náà ò bi í.

Ọ̀gá fi mọ́tò gbé mi lọ sílé Ìyá Aràn. Abọ́ kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, aràn méje wà nínú rẹ̀. Ó tọrọ wọn lọ́wọ́ Ọ̀gá lọ́jọ́ tó ń lọ. Ọ̀gá ò tiẹ̀ rántí.

“Ẹ fún wa ní méjì péré, Màmá. Wọ́n á pọ̀ sí i.”

“Mo mọ̀ pé wọ́n á pọ̀. Ta ló máa tọ́jú wọn?”

Ọ̀gá tọ́ka sí mi.

“Èyí?” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Èyí máa tó ríṣẹ́ gidi lọ. Mo ní ta ló máa dúró sílé?”

“A ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, Màmá. Ẹ ṣáà mọ bí nǹkan ṣe rí.”

“Mo mọ̀, sà.” Ó da ọmọrí bo abọ́ náà, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. “Tẹ́ ẹ bá rí onítọ̀hún, ẹ ní kó máa bọ̀. Kó mú garawa dání.”

Ọwọ́ òfo la gbé padà. Nínú mọ́tò, Ọ̀gá ní àgbà ló sọ ọ́ di olóríkunkun.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò sẹ́ni tó mú garawa lọ. Mo ti kúrò ní yàrá ìwádìí náà, ṣùgbọ́n mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn ń ṣí, iná ń tàn, Ọ̀gá ń wọlé, Ọ̀gá ń jáde. Mo mọ irú ìrìn yẹn. Mo ti rí i nínú abọ́, lára àwọn tó jẹ oògùn.