Ọkọ̀ Aláṣọ Tí Bàbá Mi Fà Lọ sí Èkó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Dìlímì, ní Jọ́ọ̀sì, kò sí omi ńlá kankan nítòsí ilé wa, síbẹ̀ bàbá mi mọ ọkọ̀ ojú omi í tọ́jú bí ẹni tí wọ́n bí sétí òkun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lókè yẹn, ẹ ó rántí àwọn kòtò ńláńlá tí àwọn tó ń wa kùsà fi sílẹ̀ lápá Bùkúrù, tí òjò sọ di adágún. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá bàbá mi, òyìnbó ẹnjiníà kan, ti máa ń gbafẹ́ nínú ọkọ̀ kékeré tó ń fi aṣọ gba atẹ́gùn rìn. Àwa ọmọdé ń pè é ní ọkọ̀ aláṣọ.

Bàbá mi ni dírẹ́bà òyìnbó náà. Òun ló ń fi Lándírófà fa ọkọ̀ náà lọ sódò, lórí kẹ̀kẹ́ irin olẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ìdí mọ́tò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ ni o! Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gbéra, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló ń wẹ̀. Á fi gíríìsì sí ìdí táyà. Á so okùn, á fà á, á tú u, á tún un so. Á fi ṣéènì kọ́ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, kí bí ọwọ́ kan bá já, èkejì lè dì í mú. Á so àkísà pupa mọ́ ṣóńṣó òpó tó yọ sẹ́yìn. Kó tó wá kọ́ ọ mọ́ mọ́tò, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí kẹ̀kẹ́ náà wò. "Orí gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀ lọ́wọ́," ló máa ń wí. "Kẹ̀kẹ́ tí orí rẹ̀ bá fúyẹ́, ijó ni yóò jó lójú títì." Ọjọ́ tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti tú ọ̀kan nínú okùn rẹ̀ kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa fò ó, mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mi ò tún fọwọ́ kan okùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, wọ́n gbé òyìnbó náà lọ sí Èkó. Ó wọ bàálù, ó ní kí bàbá mi fa ọkọ̀ aláṣọ tẹ̀lé òun. Àwọn dírẹ́bà yòókù ń fi ṣẹ̀sín pé àfọ́kù ni yóò fà débẹ̀. Bàbá mi dá wọn lóhùn lójú gbogbo èèyàn pé bí ọkọ̀ náà bá fi lè ha lára, òun ò ní wa mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àkókò ìsinmi iléèwé ni, ó sì ní kí èmi àti ìyá mi bá òun dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń rí bí ará Jọ́ọ̀sì bá ń relé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí òtútù ń gé wa létí, tí bàbá mi ti kọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ mọ́tò tán, àwọn ará wa tó ń tajà ní ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì dé. Wọ́n gbé àpò pòtétò, wọ́n gbé kárọ́ọ̀tì, wọ́n gbé àlùbọ́sà, kálukú pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Bàbá mi ní kò sáyè. Bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí wa ní àdúgbò náà fa tirẹ̀ wá, ó nawọ́ sí ọkọ̀ aláṣọ:

"Haba! Ọkọ̀ ṣófo báyìí, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ní kò sáyè?"

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Ìyá mi náà ti di àpò méjì fún ìyá rẹ̀. Bàbá mi họ orí, ó wo ojú àgbà, ó gbà. Aṣọ ọkọ̀ àti àpótí òyìnbó ti gba iwájú ọkọ̀ aláṣọ, ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ni wọ́n kó gbogbo ẹrù náà sí. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ń ṣàdúrà ọ̀nà fún wa pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, "Allah ya kiyaye!" A sì gbéra. Kò tún tú orí kẹ̀kẹ́ náà gbé wò mọ́.

Mo ń jẹ kòsé, àkàrà àwọn Hausa, ní gbígbóná lọ ní tèmi, òróró rẹ̀ ti dé ìgbùnwọ́ mi. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó lọ sí ọ̀nà Samínákà, mọ́tò wa bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo wẹ̀yìn, mo rí i tí ọkọ̀ aláṣọ ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ajá, tó sì ń fa àwa náà dání.

"Ẹ tẹ bíréèkì!" ìyá mi ké.

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó parí fún wa," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó di ọwọ́ mọ́tò mú ṣinṣin, kò yí i síhìn-ín, kò yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù bà mí débi pé kòsé bọ́ lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni ijó náà rọlẹ̀, a sì dúró.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi òkúta há táyà, ó tú kẹ̀kẹ́. Ìka méjì péré ló fi gbé orí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é," ló wí. Òkìtì pòtétò yẹn ì bá ti fọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ì bá sì ti pa wá, nítorí pé ojú àgbà ló ń wò.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù kalẹ̀. Àpò méjì ti ìyá ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣẹ́ ọ̀kan kù. "Bí mo bá fi tìrẹ sílẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tó kù?" Ó fi Lándírófà nìkan gbé gbogbo ẹrù náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta àgbàdo ní Samínákà, èmi àti ìyá mi sì jókòó ti ọkọ̀ aláṣọ títí ó fi padà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ibi tí a bá ti dúró, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí táyà wò bóyá ó ń gbóná, á fa okùn, ká tó tún lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé dé ilé ló ń lọ dọ̀bálẹ̀ pé ẹrù wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan yínmú. Ìyá ìyá mi ló gbé e dìde. "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wọlé tọ̀ mí wá yìí, ẹrù wo ni mo tún ń retí?" Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ aláṣọ wọ Èkó. Bàbá mi ròyìn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òyìnbó náà yí i po, tó ń fọwọ́ pa á lábẹ́. Kò rí ibì kan tó ha. Ó ṣí fìlà fún bàbá mi.

Lónìí, èmi náà ń wa mọ́tò láti Jọ́ọ̀sì lọ sílé. Bàbá mi ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí táyà. Ọ̀nà dára báyìí, mọ́tò yá ju tìgbà yẹn lọ, àwọn ará wa sì ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó ń gbé àpò wá sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Ẹ̀yìn mọ́tò mi máa ń ṣófo délé. Ó máa ń dùn mí. Mo ń wá ẹnìkan ṣoṣo tí yóò gbé pòtétò wá, kí n lè wí "rárá" tí bàbá mi kò lè wí lọ́jọ́ yẹn, kí n wò ó lójú, kí n sì wá gbà á, kí n fi síwájú, níbi tó ti yẹ kó wà.