Ìràwọ̀ Méjì Lára Géètì Màmá

Wọ́n ní ìràwọ̀ àwọn ọmọ àwọn ni wọ́n jó mọ́ géètì ilé tí mò ń gbé. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mọ́ ọn, wọ́n sì fún ìyá tó ni ilé náà ní ọjọ́ méje láti gé ìràwọ̀ méjèèjì dànù. Bí kò bá gé e, àwọn á wá gé e fúnra àwọn.

Ọdún kẹta tí mo dé Ajah ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn. Yàrá kan ni mo gbà lẹ́yìn ilé opó kan, nínú èsítéètì kékeré kan tó yà kúrò ní ọ̀nà Addo. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀, géètì yẹn sì ni iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn kó tó kú. Géètì dúdú aláwẹ́ méjì ni, ó jó ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kan mọ́ àwẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì kun ìràwọ̀ náà ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Láràárọ̀, kí Màmá tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹja gbígbẹ, á mú aṣọ tútù, á nu ìràwọ̀ méjèèjì. Ó tún máa ń kí wọn: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Wẹ́dà."

Kí n má purọ́, ẹ̀rù ìràwọ̀ yẹn ń ba èmi náà. Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá dára fún èèyàn, a ní ìràwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Bí kò bá dára, a ní ayé ti gba ìràwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá ń jà kálẹ̀ pé ìràwọ̀ àwọn èèyàn ni Màmá so mọ́ géètì, èmi tí mò ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn tí kì í bẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé orí bí mo bá ń wọlé. Kí wọ́n tó fi ìwé yẹn ránṣẹ́, alága ẹgbẹ́ onílé gbé e wá kí àwa ayálégbé fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Orúkọ mi ni ìkẹta.

Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí, ó ní, "Akọ̀ròyìn, ìwọ lo mọ ìbéèrè í bi. Lọ bá mi béèrè ẹni tó ni ìràwọ̀ yìí gan-an."

Mo lọ, torí n kò lè wo ojú rẹ̀. Àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nítòsí ọjà sọ fún mi pé, "Òǹtẹ̀ Ànọ́bì Sulaimọ́nù nìyẹn. Àwọn àgbà wa máa ń yà á sínú ìwé fún ààbò." Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ tọ́ka sí irú rẹ̀ lórí pẹpẹ, ó ní, "Ìràwọ̀ Dáfídì ni. Àwọn Júù gbé e sára àsíá, àwa gbé e sórí pẹpẹ." Ẹnjiníà kan, ará Íńdíà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo yà á hàn án. Ó ní ìyẹ̀fun ìrẹsì ni ìyá òun fi máa ń yà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí ire lè wọlé.

Mo kó gbogbo rẹ̀ wá fún Màmá. Kò yà á lẹ́nu.

"Mùsùlùmí ni ọkọ mi, aláàdúrà ni mí. Ó ní ti Sulaimọ́nù ni, mo ní ti Dáfídì ni. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí. Lọ́jọ́ kan mo ní, 'Bàbá Wẹ́dà, ṣebí Dáfídì ló bí Sólómọ́nì? Kí ni à ń jà sí?' Ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá."

Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́ pé mo fọwọ́ sí ìwé náà.

"Mo ti rí i," ó ní. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ dáa. Ṣùgbọ́n wàá bá mi jókòó ní ìpàdé tí wọ́n pè sí ọjọ́ keje."

Lọ́jọ́ keje, gbogbo èsítéètì pé síwájú géètì. Alága mú wẹ́dà kan wá, tòun ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin.

"Màmá, ẹ má bínú," alága ní. "Ìràwọ̀ àwọn ọmọ wa lẹ̀ ń nù láràárọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ tèmi ti ṣèdánwò, kò yege."

Màmá dìde. "Alága, ilé mélòó ló wà níbí?"

"Ogójì."

"Ìràwọ̀ méjì ló wà lára géètì mi. Kí àwọn méjì tó ni wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n wá mú tiwọn."

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Alága, ẹ lọ mú tọmọ yín, kó lè lọ kàwé!" Ẹ̀rín bú sáyé. Èmi náà dìde, mo ní kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé náà.

Alága yíjú sí wẹ́dà, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi àti olóògbé la jọ kọ́ṣẹ́," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi ò mọ onígun márùn-ún ún ṣe rárá! Ọ̀pá irin mẹ́fà tó dọ́gba ló máa ń gé. Á fi ṣe onígun mẹ́ta méjì, á dojú ọ̀kan dé èkejì, ó parí. Irin ò ní ṣẹ́kù. Irú ẹ̀ ló fi sára gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Alága, irin ojú fèrèsé yàrá yín ńkọ́? Òun náà ló jó o. Mo ka mẹ́rin níbẹ̀ bí mo ṣe ń dúró dè yín láàárọ̀ yìí."

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Màmá ní. "Alága, mẹ́rin! Ta ló ni wọ́n?"

Alága ká ìwé rẹ̀, ó ní ìpàdé ti parí.

Ọdún méjìlá rèé. Lakowe ni mò ń gbé báyìí, irun mi sì ti ń funfun. Mo ti kọ ìròyìn púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣì ń dùn mí ni bó ṣe yá mi lára tó láti fọwọ́ sí ìwé yẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìwé mìíràn ti jáde ní èsítéètì Màmá lóṣù yìí. Alága tuntun kò dárúkọ ìràwọ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ní irú géètì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní èsítéètì, kí àdúgbò lè lẹ́wà. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ní ẹgbẹ́ onílé kò láṣẹ láti tú géètì onígéètì, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn gba kóòtù lọ. Alága ní àwọn ń bọ̀ wá tú ti Màmá lọ́jọ́ Sátidé ṣáá.

Màmá ti ra ọ̀dà wúrà tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́, èmi ni màá bá a kun ìràwọ̀ méjèèjì ní kùtùkùtù Sátidé. Bí wọ́n bá dé, ọ̀dà tútù ni wọ́n máa bá.