Dàńṣíkí Tí Mo Rán fún Màlámù Gárúbà

Bí èéfín ààtàn bá ti ń rú wá láti ẹ̀yìn Ìgàndó ní ìrọ̀lẹ́, Màlámù Gárúbà a gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ó ní òórùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́. Télọ̀ ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́; orúkọ ìlú mi yìí náà ló fi ń pè mí. Ọmọ Kàtísínà ni òun, abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Èmi a rán an, òun a ṣe ọrùn rẹ̀. Ìyá Sìkírù tó ń ta bọ́tìnì lódìkejì títì máa ń sọ pé bí ọ̀kan nínú wa bá sín, èkejì ni kí wọ́n kí.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ dàńṣíkí ni. Géńdé ni mí nígbà náà. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì rò pé ìwé mẹ́fà ti kárí ayé. Màlámù sọ lọ́jọ́ kan pé ọ̀rọ̀ Haúsá ni dàńṣíkí. Mo fọwọ́ lu orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

“Màlámù, ẹ má bú wa jàre! Bàbá bàbá mi ti wọ dàńṣíkí lọ sóko kí wọ́n tó bí yín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ó wọ̀ ọ́, mo gbà. Ta ló wá sọ aṣọ náà lórúkọ? Dan, ọmọ nìyẹn lédè wa. Ciki, inú nìyẹn. Èyí tó ń gbé inú ni. Abẹ́ aṣọ ńlá ni àwọn bàbá wa ń wọ̀ ọ́ sí. Ẹ̀yin Yorùbá lẹ mú ọmọ inú ilé jáde sójú títì.”

N kò gbà. Gbogbo àgbàlagbà tó bá ti wá gba aṣọ ni mo ń bi, títí di ìgbà tí Àlùfáà Yésúfù, ará Ìbàdàn tó ń gbé ní Bárúwà, sọ fún mi pé òótọ́ ni Màlámù wí. Ó ní òwò àti kéwú ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa, bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́ láìbéèrè ilé wọn. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Màlámù pé mo ti fìdí rẹmi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, “Ó wá sílé yín, ẹ gbà á lálejò, ó di ọmọ yín. Kí ló burú níbẹ̀?” Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ náà ló ń wí.

A jọ hu ewú sídìí iṣẹ́ náà ni. Nígbà tí Sàfúrátù ìyàwó mi kú, òun ló jókòó tì mí, tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ènìyàn laṣọ mi, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àìsàn wọlé sí òun fúnra rẹ̀ lára, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ní ọsibítù, ṣùgbọ́n a rí ti àrùn ṣe, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ lọ sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Hàjíyà Dèlú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ṣì wà láyé ní Kàtísínà, kò sì mọ bí àìsàn náà ti rí.

Ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Ó ní, “Rán dàńṣíkí kan fún mi. Ti inú o. Kó nípọn, kó mú mi lára. N óò gbé agbádá lé e. N kò fẹ́ kí Hàjíyà dì mọ́ mi kó máa fọwọ́ ka egungun ìhà mi.”

Bàbá Kásálì tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé télọ̀ kì í fi téèpù wọn ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gbẹ́ sàárè ló ń wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò wọn Màlámù. Mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ lórí, òun ni mo fi gé aṣọ náà. Nígbà tó wọ̀ ọ́, èjìká aṣọ bọ́ sí ìgúnpá rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀, ó wo Àmínù ọmọ rẹ̀ tó dì í mú.

“Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti ta ni a ó jọ wọ èyí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ nílẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. “Wọ̀n mí.”

“Màlámù, a kì í…”

“Mo mọ̀. Àwa náà ń sọ ọ́ nílé wa. Ṣùgbọ́n bí ìwọ ò bá wọ̀n mí, ẹni tí kò mọ̀ mí rárá ni yóò wọ̀n mí. Wá, jàre.”

Mo wọ̀n ọ́n. Ibi tí téèpù dé nígbà tí mo fi yí àyà rẹ̀ po, ibẹ̀ ló máa ń dé lára ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú wá rán yunifọ́ọ̀mù. N kò pe ìwọ̀n náà síta bí mo ṣe máa ń ṣe. Màlámù ṣáà ń wo iwájú, bí ẹni tó dúró kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Mo tún un rán, mo sì tẹ́ aṣọ mìíràn sí i nínú níbi àyà àti èjìká. Òun àti Àmínù wọ ọkọ̀ Òkè Ọya lọ. Nígbà tí wọ́n délé, Àmínù pè mí. Ó ní Hàjíyà dì mọ́ bàbá òun, ó sì sọ pé, “Gárúbà, wọ́n ní o rù. Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí Àmínù tún pè, ohùn rẹ̀ ti sọ fún mi kí ẹnu rẹ̀ tó sọ. Ó ní, “Kí Bàbá tó dákẹ́, wọ́n ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé aṣọ náà bá àwọn mu rẹ́gí, títí dé òpin.”

Mo ti di arúgbó báyìí, mo ṣì ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀ ní Ìgàndó. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn létí télọ̀ ju pé aṣọ bá èèyàn mu lọ. Ti ọjọ́ náà ló pa mí lẹ́kún. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń rán dàńṣíkí yẹn, àdúrà tí mo ń gbà lórí ẹ̀rọ ni pé kó má bá a mu pẹ́. Kó délé, kó mu fúrà, kó jẹun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹran ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, títí aṣọ náà yóò fi há a lápá, há a láyà, tí yóò sì fi ìbínú pè mí lórí fóònù pé, “Ògbómọ̀ṣọ́, irú aṣọ wo lo rán fún mi yìí?”